Ìwé tó wà lábẹ́ aṣọ òkè: bí a ṣe ń sin sójà wa ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá ní Houston, tí mo tún tò fún kíkà.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ẹ̀yin lẹ máa sin wá.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí ẹbí ṣe lè fi ẹ̀yẹ ológun sin èèyàn wọn tó ti ṣe sójà. Èmi kì í ṣe sójà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi jẹun. Ibi òkú àbúrò bàbá mi ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀, ó sì kù díẹ̀ kí n kọ́ ọ pẹ̀lú ìtìjú.

Ìwé ni àbúrò bàbá mi yìí wá kà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí owó ilé ìwé ò wá láti ilé mọ́, wọ́n wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì lo ọdún méjìlélógún níbẹ̀. Dádì Sájẹ́ǹtì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n papòdà, àwa mẹ́rin la jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá wọn, à ń tú àpótí. Fìlà ológun wọn wà lórí ìkọ́. Fọ́tò wọn nínú yúnífọ́ọ̀mù wà lára ògiri. Àwọn àmì ẹ̀yẹ wọn wà nínú gíláàsì, wọ́n ń dán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú kò béèrè fìlà. Ìwé ló béèrè, ìwé tí ìjọba fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Màmá, ìyàwó wọn, fárí gá: "Ìwé wo tún ni? Ṣé ojú ń dùn wọ́n ni, tí wọn ò rí fọ́tò?"

DD 214 ni wọ́n ń pe ìwé náà. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà mẹ́ta yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìgbà tí èèyàn wọṣẹ́ àti ìgbà tó kúrò, ẹ̀ka tó ti ṣiṣẹ́, oyè tó dé, àti bí ó ṣe kúrò. Bí ó ṣe kúrò yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, torí ẹni tí wọ́n lé pẹ̀lú àbùkù ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yẹ kankan.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2000 ni òfin ti wà nílẹ̀ pé sójà tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i gbọ́dọ̀ rí ẹ̀yẹ ìkẹyìn gbà bí ẹbí rẹ̀ bá béèrè. Ó kéré tán, ológun méjì nínú yúnífọ́ọ̀mù máa wá, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ́ ti ẹ̀ka tí olóògbé ti ṣiṣẹ́. Wọ́n á ká àsíá, wọ́n á fà á lé ẹbí lọ́wọ́, fèrè tí wọ́n ń pè ní Taps á sì dún. Ẹbí ò ní san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà síbi gbólóhùn kan tó wà níbẹ̀: bí ẹbí bá béèrè. Bí ẹnu ẹbí bá pa mọ́, kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Èyí ló ṣe mí ní kàyéfì, nítorí kò jọ tiwa rárá. Nílé wa, bí ọdẹ bá kú, ta ló ń béèrè ìwé? Àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á gbé ìbọn dé, wọ́n á yìn ín sókè, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé di àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n á sì ṣe ìṣípà ọdẹ fún un, kí ó lè já lẹ́gbẹ́ ọdẹ ayé, kí ó lọ bá ti ọ̀run. Bí ẹbí ò tilẹ̀ fẹ́ náwó, ojú á tì wọ́n títí wọ́n á fi ná an. Orí ahọ́n ẹgbẹ́ ni àkọsílẹ̀ ọdẹ wà. Níhìn-ín, inú fáìlì ni. Aládùúgbò tí ẹ jọ ń gé koríko láti ogún ọdún lè má mọ̀ pé ẹ ti gbébọn rí láyé yín.

Ká má sì tan ara wa, ahọ́n náà ń gbàgbé. Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí Bóòmà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ lọ súà nínú dífíṣọ̀n 81 àti dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n bá àwọn ará Jàpáàn jà nínú igbó ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó parí ní 1945. Nígbà tí bàbá àgbà máa kú, àwọn tí wọ́n jọ lọ ti lọ ṣáájú wọn. Ikán ti jẹ ìwé wọn tán pátápátá. Màlúù méjì la pa, eléré jùjú ṣeré mọ́jú, a jó, a yó. Kò sẹ́ni tó fun fèrè. Títí di òní, mi ò mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè wọ́n lójú ogun.

Amẹ́ríkà náà ní ikán tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 1973, iná sọ ní ilé tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ológun sí ní St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 ló jóná. Nínú ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàrin 1912 sí 1960, tí a bá ka mẹ́wàá, mẹ́jọ ti lọ. Wọn ò sì ní ẹ̀dà kejì wọn níbì kankan. Iléeṣẹ́ yẹn náà la ṣì ń kọ̀wé sí tí a bá wá DD 214 tì, wọ́n sì máa ń ṣe kánkán tí wọ́n bá gbọ́ pé òkú wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi òkú sílẹ̀ kí ó máa kọ̀wé sí Missouri?

Aago mẹ́ta òru ti kọjá kí a tó rí ti Dádì. Kò sí nínú fáìlì, kò sí nínú dúrọ́ọ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí ló wà, lábẹ́ aṣọ òkè tí Màmá fi ṣe ìyàwó, nínú ọ̀rá, òun pẹ̀lú ìwé owó orí ọdún 1991. Màmá ní, "Ó dáa, mo rántí. Èmi ni mo tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀, kó má baà sọ nù." A ò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín ni tàbí ká sunkún. A ṣe méjèèjì.

Nígbà tí ìwé ti dé, ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú ló gbé fóònù, ó sì bá wa ṣe gbogbo ètò. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí a fi ń jiyàn ni ibi tí a máa sin wọ́n sí. Àwọn ọmọ pariwo Arlington, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n, tí ẹṣin ń wọ́ pósí lọ. Ibi ẹ̀yẹ ni lóòótọ́. Láti 1864 ni wọ́n ti ń sin ológun síbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹbí Ọ̀gágun Robert E. Lee nígbà ogun abẹ́lé, àwọn tó sì sùn síbẹ̀ ti lé ní 400,000. Ṣùgbọ́n òfin ẹni tó lè wọ ibẹ̀ le ju ti ibòmíràn lọ, ẹni tó bá sì yẹ náà lè dúró fún oṣù púpọ̀. Màmá ní òun ò lè gbé ọkọ òun sínú yìnyín títí di ìgbà òjò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbà láti sin wọ́n síbí, sí itẹ́ òkú àwọn ológun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Houston.

Irú itẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ní 150 káàkiri Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Wọn kì í gbowó gbígbẹ́ àti dídí ibojì, wọn kì í gbowó òkúta tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, wọ́n á sì máa tọ́jú ibẹ̀ lọ láéláé. Ìyàwó tàbí ọkọ sójà náà lè sùn síbojì kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé. Pósí àti owó ilé ìtọ́jú òkú ló kù fún ẹbí. Mo mọ àwọn kan láàrin wa tí wọ́n ti dá owó ilẹ̀ ibojì jọ káàkiri ẹgbẹ́, tí bàbá wọn sì jẹ́ sójà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Wọn kì í sábà sìnkú nírú ibẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ̀yin ará mi, ẹ fojú inú wo ìpàdé ẹbí wa! Àwọn ìyá ti mú aṣọ ẹbí, wọ́n ti gba gbọ̀ngàn ní Sátidé, alásè ti gba àsansílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí a lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìjọba Amẹ́ríkà lẹ fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún nítorí páátì?" A sin Dádì ní Ọjọ́bọ̀, a sì jó ní Sátidé. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó sì dáa jù ni pé ọjọ́ ẹkún dá wà lọ́tọ̀, ọjọ́ ijó náà dá wà lọ́tọ̀.

Àkókò tí wọ́n sì fún wa kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kì í ṣe etí ibojì gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Abẹ́ òrùlé kan tí kò ní ògiri ni, ẹbí tó tẹ̀ lé wa ti wà nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń retí kí a dìde. Ẹ̀gbọ́n kan náà tó fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ yẹn ní òun ń bọ̀ láti Dallas. Wọ́n dé nígbà tí àwọn sójà ti ń wọ ọkọ̀ wọn lọ. Aago Yorùbá wa ò bá ti ológun dọ́gba, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀.

Kí lẹ máa rí níbẹ̀? Àsíá á ti wà lórí pósí, apá aláwọ̀ búlúù tó ní ìràwọ̀ á wà níbi orí olóògbé, lápá èjìká òsì. Wọn kì í sọ àsíá náà kalẹ̀ sínú ibojì, wọn ò sì ní jẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Bí àkókò bá tó, wọ́n á ká a ní ìká mẹ́tàlá, á di onígun mẹ́ta, búlúù àti ìràwọ̀ nìkan lá máa hàn. Àwọn kan á sọ fún yín pé ìká kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú òfin.

Ìbọn ńkọ́? Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé, "Wọ́n yin ìbọn mọ́kànlélógún fún bàbá wa." Rárá o. Ohun tí wọ́n ń yìn fún ààrẹ ni mọ́kànlélógún, àgbá ńlá sì ni, kì í ṣe ìbọn ọwọ́. Èyí tí ẹ gbọ́ ni pé àwọn sójà, wọ́n sábà máa ń jẹ́ méje, yin ìbọn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá sọ méje di ọ̀nà mẹ́ta, ó di mọ́kànlélógún, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wá. Ojú ogun àtijọ́ ni àṣà yìí ti ṣẹ̀. Wọ́n á dá ìjà dúró kí oníkálukú lè kó òkú tirẹ̀ kúrò lójú ogun. Bí wọ́n bá ti kó wọn tán, wọ́n á yin ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta, kí tọ̀hún lè mọ̀ pé àwọn ti ṣetán. Ẹ wò ó, ọdẹ wa ń yin ìbọn láti fi sin ẹnìkejì rẹ̀ lọ, àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín láti sọ pé ìjà ò tíì parí. Ìbọn ò sí nínú ohun tí òfin fi dandan lé fún gbogbo sójà. Nítorí pé Dádì ṣe é títí dé owó ìfẹ̀yìntì la fi rí i. Fún àwọn tó kù, àwọn sójà àtijọ́ tó ń fi ara wọn jìn ló sábà máa ń wá yìn ín, wọ́n sì ń dàgbà. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ tètè béèrè.

Ti fèrè náà ní ìtàn. Ní oṣù keje ọdún 1862, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Ọ̀gágun Daniel Butterfield wà ní Harrison's Landing ní Virginia. Orin fèrè tí wọ́n fi ń pàṣẹ pé kí iná kú, kí àwọn ọmọ ogun sùn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó pe afunfèrè rẹ̀, Oliver Norton, wọ́n jọ tún un ṣe: ohùn mẹ́rìnlélógún péré. Láàrin àkókò yẹn kan náà, ọ̀gá ológun mìíràn, John Tidball, fẹ́ sin ọmọ ogun rẹ̀ kan. Ọ̀tá sún mọ́ tòsí. Ó bẹ̀rù pé bí àwọn bá yin ìbọn, àwọn ọ̀tá á rò pé ìjà ti dé. Ló bá ní kí wọ́n fun fèrè oorun yẹn dípò rẹ̀. Orin tí wọ́n fi ń ní kí ọmọ ogun lọ sùn ni wọ́n fi ń sin ín di òní.

Àṣírí kékeré kan: àwọn tó mọ fèrè fun ò tó mọ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kékeré kan ló wà nínú ẹnu fèrè náà. Sójà á tẹ bọ́tìnnì, á gbé e sẹ́nu, á dúró ṣánṣán. Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ olórin ló rí i ní tiwa. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àsíá ló kù. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìjọba ń fúnni, bó bá sì sọ nù, wọn kì í fúnni ní òmíràn. Opó ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tí kò bá sí, ó di ti àwọn ọmọ, láti orí àgbà wá sísàlẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti pe fóònù pé àsíá gbọ́dọ̀ wá sílé, nítorí ọmọ ilé ló kú. Èmi ni wọ́n rán. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa là á fún Màmá.

Sójà tó gbé àsíá wá ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó rìn wá síwájú Màmá, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó ní ní orúkọ Ààrẹ Amẹ́ríkà, àti àwọn ọmọ ogun, àti orílẹ̀-èdè tó moore, kí wọ́n gba àsíá yìí. Màmá ò gbà á. Wọ́n wo ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ẹnu wọn sì là. Oríkì ni. Ìdílé Oníkòyí ni Dádì, Màmá sì ti gbọ́ oríkì ọkọ wọn lẹ́nu ìyá ọkọ wọn títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n já. *Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ní í fi í gbọgbẹ́.* Wọ́n ń kì wọ́n lọ, omi ń bọ́ lójú wọn, ohùn wọn ò yẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ogún ìṣẹ́jú wa ti ń tán. Mo wo sójà yẹn. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mira. Àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ wà lójú Màmá, títí wọ́n fi kì í dé ìparí, tí wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Mi ò jíṣẹ́ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kí wọ́n fìyà jẹ mí tí mo bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n sáré mẹ́nu kan àwọn tó kù. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀ ń yára sìnkú, àwọn ológun sì sábà máa ń fẹ́ wákàtí 48 láti múra. Ẹ má dá òkú dúró. Ẹ sin ín bí ẹ̀sìn ṣe wí, kí ẹ wá béèrè ẹ̀yẹ náà fún ọjọ́ àdúà. Ẹni tó máa gbé òkú lọ sílé náà lè ṣe ẹ̀yẹ níhìn-ín kí òkú tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Òkúta orí ibojì, a lè béèrè rẹ̀ fún itẹ́ òkú ibi yòówù láyé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn bàbá yín nìkan ni. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí Amẹ́ríkà fi gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò sínú iṣẹ́ ológun. Yorùbá wà nínú èdè náà. Ètò yẹn ti dúró, ṣùgbọ́n àwọn tó bá a wọlé ò tíì darúgbó, ó sì dá mi lójú pé ìyá ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ DD 214. Àyè sì wà láti béèrè láàyè ẹni bóyá wọ́n á gbani sí itẹ́ òkú ìjọba, kí ẹbí má baà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé lóru.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, ìyá kan béèrè pé bí ìyàwó bá jẹ́ méjì ńkọ́, ta ló máa gba àsíá? Mo ní ìyàwó tó wà nínú ìwé nìkan ni Amẹ́ríkà mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wo ilẹ̀.

Bàbá kan dìde lẹ́yìn. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà làwọn lò nínú iṣẹ́ ológun, àwọn sì kúrò ní 1994. Ọmọbìnrin wọn tó jókòó tì wọ́n yíjú sí wọn pé, "Dádì, ẹ ṣe sójà?" Mo béèrè pé ìwé wọn ńkọ́. Wọ́n ní ó wà nínú búùtù mọ́tò. Láti ìgbà wo? Wọ́n ní láti mọ́tò dé mọ́tò, mẹ́rin rèé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n jáde lọ mú un wá, ìwé tó ti rú ní etí, tí epo mọ́tò ti kàn lápá kan. Ọmọ náà tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ́ ibi tó ká, ó sì yọ fóònù rẹ̀, ó ya fọ́tò iwájú, ó yí i padà, ó ya ẹ̀yìn.